Iye Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Kàmàlú, má jókòó sórí àga rọ́bà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.
Igba la rà lọ́dún tó kọjá;
ogójì ló kù tó ṣeé fi lọ àlejò.
Bọ́ sórí bẹ́ǹṣì yìí. Ìrókò ni.
Káfíńtà kan láti Òmù-Àrán ló kàn án
nígbà tí wọn ò tíì máa pe ibí yìí ní Kwárà.
Mo bá a níbí. Ó jọ pé òun ni yóò sìn mí dé géètì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gba ẹrù wọlé ní sẹkitéríàtì yìí.
Ohunkóhun tí ìjọba bá rà, iwájú mi ni yóò gbà wọlé;
tó bá sì kú, èmi náà ni mo ń wá ibi tí a ó sin ín sí.
Ìwé ni ìwọ ń rí, ọmọ mi.
Òkú ni èmi ń rí.

O kó kọtéṣọ̀n mẹ́ta dání láàárọ̀ yìí:
omi inú ọ̀rá fún ìpàdé ọdún kan gbáko,
jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà, àga rọ́bà igba mìíràn.
O ní òfin ní kí á mú èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù.
Mo gbọ́, òfin ni.
Wọ́n sì ní ẹnu ará Ìlọrin dùn ju iyọ̀;
agbaṣẹ́ṣe tó kọ ìwé yìí,
iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Yọjú lójú fèrèsé, wo igi máńgòrò ẹ̀yìn sítọ̀.
Apá kan ń so, apá kan gbẹ bí ìka arúgbó.
Apá tó gbẹ yẹn, ìdí rẹ̀ ni ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ ń ṣàn sí.
Ní ọ̀pọ̀ la rà á.
Ó pọ̀ lọ́wọ́, ó wọ́n nílẹ̀.

Ọ̀rá ńkọ́?
Lóṣù Ògọ́ọ̀sì, òjò alẹ́ Jímọ̀ kan,
ọ̀fun gọ́tà Òkèlele dí pa,
omi bá yà sínú àgbàlá Àfúsá amọ̀kòkò.
Ìkòkò mẹ́tàdínláàádọ́ta tí kò tíì rí iná
padà di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo lọ bá a dárò. Kò sunkún.
Ó ki igi bọ gọ́tà, ó fa ọ̀rá kan yọ,
ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó nà án sí mi.
Àmì ìjọba ìbílẹ̀ wa ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú “Ẹ kú àpérò.”
Mo mọ ọ̀rá náà, Kàmàlú.
Èmi ni mo fọwọ́ sí i wọlé.

N ò ní kí òùngbẹ máa gbẹ ọ̀gá.
Kọtéṣọ̀n kẹrin nìyí:
àmù mẹ́wàá, ìdérí pákó, kọ́ọ̀pù tánganran ọgọ́ta.
Ọmọ Àfúsá ló bá a kọ ọ́; àpá amọ̀ wà létí ìwé, má bínú.
Ó fi díẹ̀ wọ́n ju ọ̀rá lọ lọ́dún yìí.
Lọ́dún tó ń bọ̀, kọ òdo.
Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọ òdo.

O ń yí báírò. O ní ọ̀dítọ̀ yóò béèrè.
Kó béèrè. Sọ fún un kó wọ bàtà òjò wá;
ibi tí ìdáhùn wà, ẹrẹ̀ ni.

N ò mọ̀ bóyá wọn yóò gbọ́ tìrẹ. Wọn ò gbọ́ tèmi.
Oṣù mẹ́ta ló kù kí n fẹ̀yìn tì.
Gba kọ́kọ́rọ́. Lọ ṣí sítọ̀ kejì kí o tó fọwọ́ síwèé.
Fi èjìká tì í dáadáa:
àwọn àga ọdún tó kọjá
ló fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn látinú.